Ẹ̀jẹ̀ fíìmù tí ò ní ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe, báwo lẹ ṣe ń pò ó?

ỌmọÌyàrà:
Okun o gbogbo ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè kan ló gbé mi wá, kò sì lè dúró pẹ́ torí Sátidé tó ń bọ̀ yìí la fẹ́ yàwòrán. Èmi ni mò ń bójú tó dírámà àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a fẹ́ ṣe fíìmù kékeré kan tí ò ní ju ìṣẹ́jú 20 lọ, fóònù la máa fi yà á, inú oko la sì ti fẹ́ lọ yà á. Ìtàn ọdẹ kan ni, ó rò pé ẹran ló ń mi ewé nínú igbó, àṣé àbúrò ẹ̀ ló ń ti oko iṣu bọ̀, ó yìnbọn bà á. Ẹ̀jẹ̀ máa wà láyà ọmọkùnrin yẹn, á jáde díẹ̀ lẹ́nu ẹ̀, á sì kán sára aṣọ funfun tí ìyàwó ẹ̀ wọ̀ nígbà tó bá gbé orí ọkọ ẹ̀ lé itan tó ń sunkún.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ohun tójú wa rí lọ́dún tó kọjá. Ẹnì kan ló ní ká lọ tọrọ ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ lọ́dọ̀ alápatà, a bù ú sínú ike láàárọ̀, nígbà tó fi máa di ọ̀sán ó ti dì ó ti ń rùn, eṣinṣin bo àkítọ̀ wa mọ́lẹ̀, ọmọ náà bì títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ká máa bá a lọ la bá bu ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń kun géètì, a fi kẹrosíìnì là á, a kùn ún sí i lọ́rùn. Ọrùn yẹn wú, ó bó, bí ọjọ́ mẹ́rin ni ò fi lè wọ kọ́là. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kùn ún, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ẹ mọ̀ ọ́n, kí la lè fi ṣe é tó ṣe é fi sẹ́nu, tó máa fọ̀ kúrò láṣọ, tí ò sì ní dà bíi Fáńtà pupa nínú kámẹ́rà? Owó wa ò pọ̀ o, ohun tá a lè rí rà lọ́jà Kàbà ni kẹ́ẹ fi gbà mí nímọ̀ràn.

ÀǹtíMekọ́ọ̀pù_Kàbà:
Àbúrò mi, okun. Ọrọ̀ ọmọ tí ọrùn ẹ̀ bó yẹn wọ̀ mí lára gan-an ni. Iṣẹ́ mekọ́ọ̀pù ni mò ń ṣe níbí, ìyàwó ni mo sábà máa ń kùn lójú lóòótọ́ ṣùgbọ́n mo ti bá àwọn onífíìmù ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja àti Ìlọrin, ohun tí mi ò sì lè fi sẹ́nu ara mi mi ò ní fi sára ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀jẹ̀ méjì ni kẹ́ẹ pò. Ẹ̀jẹ̀ ẹnu lọ́tọ̀, ẹ̀jẹ̀ aṣọ lọ́tọ̀, ike wọn ò gbọdọ̀ jọra rárá, ẹ kọ ọ́ sára ìkọ̀ọ̀kan kí ẹlòmíì má lọ fi èyí gbé èyí nígbà tí ariwo bá pọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ẹnu ná. Ṣúgà ife 2 sí omi ife 1, ẹ gbé e kaná, ẹ máa rò ó títí ṣúgà á fi yọ́ tán, ẹ wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ bí ẹ̀kán mẹ́ta mẹ́rin sí i, ọsàn yẹn ni ò ní jẹ́ kó padà di yẹ̀pẹ̀ ṣúgà tó bá tutù tán. Kó hó fún bí ìṣẹ́jú 5. Ẹ bu kọ́ọ̀nfláwà ṣíbí ìjẹun kan, omi tútù ni kẹ́ẹ fi pò ó kẹ́ẹ tó dà á sínú èyí tó wà lórí iná, bẹ́ẹ ṣe máa ń po ògì kẹ́ẹ tó ta omi gbígbóná sí i gẹ́lẹ́, torí tẹ́ẹ bá dà á sí i ní gbígbẹ kóró-kóró ló máa ṣe, kóró yẹn á sì hàn lójú kámẹ́rà. Ó máa ki díẹ̀, á máa yọ̀ bí ilá. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ máa wá fi àwọ̀ pupa àwọn tó ń ṣe kéèkì sí i, fúùdù kọ́lọ̀, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ẹ máa wò ó. Àwọn òyìnbó ní omi ṣúgà tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, inú ìgò ni wọ́n ti ń rà á, òun ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn, ṣúgà tá a sè yìí náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti máa ń ṣìṣe nìyí o: tẹ́ẹ bá fi pupa nìkan sílẹ̀, Fáńtà pupa yẹn gan-an lẹ máa rí. Ẹ bu kòkó pàúdà tí wọ́n ń fi ṣe tíì, ṣíbí tíì kan, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ pò ó lọ́tọ̀ kó tó wọnú ẹ̀. Àwọ̀ á ṣú, ó tún máa di ohun téèyàn ò lè rí òdìkejì ẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ gidi kì í mọ́ bí gíláàsì. Tó bá ṣì pọ́n jù, ẹ fi orí igi ìṣáná tọ́ àwọ̀ búlúù díẹ̀ sí i, díẹ̀ gidi, torí tó bá pọ̀ á di ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò.

Ẹ̀jẹ̀ aṣọ, ìkòkò kan náà lẹ máa ti bù ú, àmọ́ ẹ kán ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ sí i, bíi ṣíbí tíì kan sí ife kan, ọṣẹ yẹn ló ń jẹ́ kó tètè kúrò láṣọ. Ìdí tí mo ṣe ní kó lọ́tọ̀ nìyẹn, ọṣẹ ò gbọdọ̀ dé ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni ò gbọdọ̀ dé ojú.

Kẹ́ẹ tó fi kan ara ẹnikẹ́ni, ẹ fi díẹ̀ sí inú apá ẹ̀ níbi ìgbọ̀nwọ́, kó wà níbẹ̀, kẹ́ẹ dúró títí di ọjọ́ kejì. Tó bá yún un tàbí tó lé, kì í ṣe òun lẹ máa fi í sí lára, ẹ wá ẹlòmíì. Ẹ sì fi fásilínì tàbí òrí pa ara ọmọ náà kẹ́ẹ tó kùn ún, àwọ̀ pupa yẹn máa ń mú ara, kò ní fẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè kí àwọn èèyàn rí ọrùn pupa nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Bọ̀dáFẹ́mi_Ẹ̀gbẹ̀:
Kí lẹ tún ń dá ara yín láàmú sí pẹ̀lú fúùdù kọ́lọ̀, ṣebí zobo wà. Ẹ se zobo kó ki, ẹ fi ṣúgà sí i, ó parí. Èèyàn ń mu ún, kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

ÌyáKéèkì:
Bọ̀dá Fẹ́mi ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi o, mo ti dán an wò nígbà tí àwọn ọmọ wa ń ṣe dírámà Kérésì. Ó ṣe é mu lóòótọ́ ṣùgbọ́n omi lásán ni, kì í dúró lára, bó bá kán báyìí ó ti ṣàn lọ, àwọ̀ ẹ̀ sì sún mọ́ àwọ̀ àlùkò ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Èyí tó burú jù ni ti aṣọ. Zobo kì í bá ọṣẹ rẹ́, omi kíkan bí ọsàn ló ń mú un pọ́n, tí ọṣẹ bá ti kàn án ó máa yí padà di búlúù, aṣọ funfun tí wọ́n yá wa yẹn ní àmì búlúù-búlúù títí tó fi gbó. Ní ti fúùdù kọ́lọ̀, ẹ wo ara ìgò ẹ̀ dáadáa kẹ́ẹ rí nọ́ńbà NAFDAC, kẹ́ẹ sì ra èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé oúnjẹ ni wọ́n ṣe é fún, torí lọ́jà ẹ máa rí pàúdà pupa tí wọ́n dì sínú náílọ́ọ̀nù kékeré tí ò ní orúkọ kankan, òmíì nínú ẹ̀ aró aṣọ tàbí ti ẹní ni. Ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́n tó.

Bọ̀dáFẹ́mi_Ẹ̀gbẹ̀:
Ah mi ò mọ ti búlúù yẹn o. Ẹ ṣé, mo gbà.

Nọ́ọ̀sì_Mọ̀pà:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí Àǹtí Kàbà sọ dára púpọ̀, mo kàn fẹ́ fi ojú nọ́ọ̀sì wò ó ni. Ẹ̀jẹ̀ ẹran tẹ́ẹ lò lọ́dún tó kọjá yẹn, ẹ má dán an wò mọ́ láyé, kì í ṣe òórùn nìkan ló wà níbẹ̀, kòkòrò àìsàn ń bí sí i nínú oòrùn láàárín wákàtí díẹ̀, tó bá wọ ẹnu tàbí ojú tàbí ibi tí ara ti ya, wàhálà ni.

Ti ẹnu yẹn, ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà sùn sílẹ̀ gbalaja kẹ́ẹ wá da omi ṣúgà sí i lẹ́nu. Ó lè gba ọ̀nà èémí. Kó jókòó, kó gba bíi ṣíbí tíì kan péré sẹ́nu fúnra ẹ̀, kó wá sùn kó yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó jẹ́ kó máa ṣàn jáde ní igun ẹnu. Tẹ́ẹ bá ti dá kámẹ́rà dúró, kó tu ú, kó fi omi yọ ẹnu, kẹ́ẹ tó tún un yà. Ẹ bi í léèrè ṣáájú bóyá ó ní ikọ́ fée, bóyá ohun kan wà tí tó bá jẹ ara ẹ̀ máa ń lé. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà lẹ fẹ́ lò, kó tu gbogbo ẹ̀ dànù, kó má gbé e mì, kò yẹ kẹ́ẹ máa tún irú ẹ̀ yà nígbà mẹ́wàá. Àwọn kan máa ń fi oyin rọ́pò ṣúgà, kò burú, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọmọ ìkókó tí ò tíì pé ọdún 1 wà nínú fíìmù, oyin ò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu rárá. Àwọn tó ń ra kápúsù òfìfo ní kẹ́míìsì tí wọ́n ń fi àwọ̀ kún un kí wọ́n lè gé e jẹ mọ́nu, ìyẹn náà dáa, òfìfo tuntun ni o, kì í ṣe kẹ́ẹ lọ da oògùn inú ampíkílọ́ọ̀sì nù kẹ́ẹ lo èèpo ẹ̀, torí oògùn á ṣì kù lára ẹ̀, ara ẹlòmíì sì kọ oògùn yẹn pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rí, torí mo máa ń wo fíìmù tí inú mi ò ní dùn sí i. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà kan ò ju bíi lítà 5 lọ. Èyí tí wọ́n ń gbà lára ẹni tó bá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ jẹ́ bíi 450 mílílítà, kò tó omi tó wà nínú pọ́ọ̀ wọ́tà kan, torí 50cl nìyẹn. Ẹ lọ da pọ́ọ̀ wọ́tà kan sílẹ̀ kẹ́ẹ wo bó ṣe tàn tó, ẹ máa rí i pé ẹ ò nílò korobá. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ó máa ń pọ́n yòò, tó bá pẹ́ lára aṣọ á di bíi àwọ̀ kọfí. Nítorí náà nígbà tí ọdẹ yẹn bá kọ́kọ́ débẹ̀ ẹ lo èyí tó pọ́n, nígbà tí ìyàwó bá máa fi dé láti ilé ẹ ti fi kòkó kún un kó ṣú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n máa rí i pé ẹ bọ̀wọ̀ fún ohun tẹ́ẹ ń ṣe.

ỌmọÌyàrà:
Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an, mò ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Báwo la ṣe máa ṣe é kó dà bíi pé láti inú àyà ló ti ń jáde? Ẹnì kan níbí ní ká di bánger mọ́ ọn láyà ká sáná sí i kí náílọ́ọ̀nù ẹ̀jẹ̀ bẹ́. Àti pé mo rí ọ̀nà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ohun kan tó ń jẹ́ Photo-Flo sí i, ṣé mo lè rí irú ẹ̀ rà?

ÀǹtíMekọ́ọ̀pù_Kàbà:
Háà, bánger kẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún ẹni yẹn pé kó gbé e jìnnà. Ohunkóhun tó bá ń bú gbàmù kò gbọdọ̀ sún mọ́ ara èèyàn, àwọn tó ń ṣe é lókè òkun pàápàá, ẹni tó gba ìwé àṣẹ ohun abúgbàmù ló ń fọwọ́ kàn án, wọ́n sì ń fi irin pẹlẹbẹ tàbí awọ nípọn sáàárín òun àti ara.

Ti Photo-Flo, Dick Smith tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ mekọ́ọ̀pù fíìmù ní Amẹ́ríkà, tó kú lọ́dún 2014, òun ló ń fi sí tiẹ̀, gbogbo ayé sì ń kọ ọ̀nà yẹn sílẹ̀ lára ẹ̀. Omi tí wọ́n fi ń fọ fíìmù kámẹ́rà ayé àtijọ́ ni, ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà tàn ká lára aṣọ dípò kó máa ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀. Májèlé ni tó bá wọnú. Ẹ rí ìdí tí mo fi ń pariwo pé ká máa ya ti ẹnu sọ́tọ̀, torí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é mọ ohun tó ń ṣe, ẹni tó kàn rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò mọ̀. Ọṣẹ olómi tí mo sọ yẹn náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà lára aṣọ, ẹ ò nílò ẹ̀.

Fún àyà: ẹ ra síríńjì ńlá tuntun, 50 tàbí 60 mílílítà, ẹ yọ abẹ́rẹ́ kúrò, kó má tiẹ̀ sí nítòsí rárá, kẹ́ẹ ra rọ́bà dírípù tuntun kan ní kẹ́míìsì. Ẹ fi pílásítà lẹ rọ́bà yẹn mọ́ ẹ̀yìn àkítọ̀ gba abẹ́ apá wá sí àyà, lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan á wà lẹ́yìn tí kámẹ́rà ò rí i, òun lá máa rọra tẹ síríńjì. Tẹ́ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà á tú bí omi ẹ̀rọ, tẹ́ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú bó ṣe ń mí, ọkàn èèyàn á fà. Ẹ la omi ẹ̀jẹ̀ náà díẹ̀ kó lè gba inú rọ́bà kọjá. Ẹ má lọ tọrọ èyí tí wọ́n ti lò nílé ìwòsàn o, ọmọ ìyá mi, bẹ́ẹ bá tiẹ̀ fọ̀ ọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún. Tí síríńjì ò bá sí, kànìnkànìn fóòmù kékeré tó mu ẹ̀jẹ̀ yó, kó fi sí àtẹ́lẹwọ́, bí ìbọn bá dún kó fọwọ́ gbá àyà mú kó sì fún un. Ó rọrùn jù lọ, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ ju síríńjì lọ, torí ọwọ́ àkítọ̀ ló ń ṣeré náà.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ ojú egbò, tíṣù ni kẹ́ẹ fi fásilínì àti ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́ ara, ẹ ya àárín ẹ̀, ẹ fi kòkó àti pupa kún inú. Súpà gúlù ò gbọdọ̀ kan ara, tó bá kan òwú tàbí aṣọ ó máa ń gbóná débi pé á jó èèyàn.

Kámẹ́rà_Ìsánlú:
Okun o. Èmi ni mò ń ya fídíò òde, ohun tí mo rí ni pé kámẹ́rà fóònù máa ń sọ pupa di àwọ̀ olómi ọsàn tàbí píńkì, pàápàá lábẹ́ gílóòbù LED funfun. Ẹ má fi ojú lásán ṣèdájọ́ ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ẹ kán an sí ara aṣọ kan náà, ẹ yà á níbi tẹ́ẹ máa lò gan-an, ní wákàtí tẹ́ẹ máa lò, kẹ́ẹ wò ó lórí fóònù, kẹ́ẹ wá fi kòkó kún un. Nígbà tí fíìmù ṣì jẹ́ dúdú àti funfun, omi ṣokoléètì ni àwọn òyìnbó ń dà sára èèyàn, torí àwọ̀ ò jẹ́ nǹkankan, kó ṣáà ti ṣú ni. Tí apá kan bá wà lálẹ́ nínú ìtàn yín ẹ jẹ́ kí tiẹ̀ ṣú sí i.

Aṣọ funfun yẹn, ẹ ra méjì tó jọra nínú ọ̀kìrìkà, ẹ má yá ti ẹnikẹ́ni. Kẹ́ẹ kọ́kọ́ ya gbogbo ibi tí aṣọ ṣì mọ́, ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn. Tẹ́ẹ bá ṣe tán, omi tútù lójú ẹsẹ̀, omi gbígbóná máa ń jẹ́ kí àmì àwọ̀ wọlé ṣinṣin, ẹ má sì lọ̀ ọ́ tí kò bá tíì kúrò tán. Ṣúgà ni o, èèrà àti oyin máa wá, ilẹ̀ sì máa yọ̀, ẹ gbé omi àti ìgbálẹ̀ dání.

BàbáÀgbà_Gbẹ̀dẹ̀:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti bá ẹgbẹ́ alárìnjó ṣiṣẹ́ nígbà èwe mi, osùn la máa ń bù sómi tá a bá fẹ́ ṣe ògiri tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí, ó ṣì dáa fún ògiri ẹlẹ́rẹ̀ àti ilẹ̀, àmọ́ kì í kúrò láṣọ bọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo ní í sọ kì í ṣe ti pípò. Oko lẹ ní ẹ fẹ́ lọ yà á, ìbọn wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ sì mọ bí ọ̀nà oko wa ṣe rí lásìkò yìí, ọkàn àwọn èèyàn ò balẹ̀ nítorí àwọn ajínigbé. Ẹni tó bá ń kọjá lórí ọ̀kadà tó rí ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ bò, tí ẹnì kan di ìbọn mú lórí ẹ̀, kò ní dúró bi yín pé ṣé fíìmù ni. Ó lè sá lọ kó fi ariwo bo gbogbo ìlú, ó sì lè jẹ́ ọdẹ gidi tó ní ìbọn gidi ló máa bá yín níbẹ̀. Ẹ lọ rí baálẹ̀, ẹ sọ fún ọlọ́pàá àti fijilánté àti olórí ọdẹ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kẹ́ẹ sì ní kí olórí ọdẹ fún yín ní ẹnì kan tó máa dúró tì yín. Ẹ fi aṣọ tàbí pátákó kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé fíìmù là ń yà. Ìbọn tẹ́ẹ máa lò, kí gbẹ́nàgbẹ́nà fi igi gbẹ́ ẹ, ìbọn gidi tí wọ́n ní kò sí nǹkan nínú ẹ̀, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ.

Ẹ bi baálẹ̀ léèrè nípa ibẹ̀ náà, torí oko kan wà tí wọn kì í fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kán sílẹ̀ ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣúgà ni àbí kì í ṣe tiẹ̀, ó yẹ kẹ́ẹ mọ̀ kẹ́ẹ tó débẹ̀. Kí ọmọ náà sì wẹ̀, kó pààrọ̀ aṣọ kó tó gun ọ̀kadà padà wálé.

Kámẹ́rà_Ìsánlú:
Bàbá ẹ ṣeun, òótọ́ pọ́ńbélé. Àti fọ́tò o, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má gbé fọ́tò ẹ̀jẹ̀ yẹn sórí sítátọ̀ọ̀sì WhatsApp láìkọ ọ́ sí i pé fíìmù ni, kí ìyá ẹnì kan má lọ dákú nílé.

ỌmọÌyàrà:
Ẹ kú alẹ́ o. Mo ti dán an wò lónìí nílé ìdáná. Ìkòkò àkọ́kọ́ dì torí mo jẹ́ kó hó jù, ó di bíi súùtì, ìkejì ló bọ́ sí i. Mo gbé e síta nírọ̀lẹ́, mo fi fóònù yà á lára àkísà funfun, píńkì ló rí bí Kámẹ́rà Ìsánlú ṣe sọ, mo fi kòkó kún un lẹ́ẹ̀mejì kó tó rí bó ṣe yẹ, ìyá mi tó ń kọjá bi mí pé ta ló gé lọ́wọ́. Mo fọ àkísà náà pẹ̀lú omi tútù, ó lọ tán. Mo ti fi díẹ̀ sápá ọmọkùnrin tó máa ṣeré náà, a máa rí i lọ́la, mo sì bá ìyá ẹ̀ sọ gbogbo ohun tá a fi sí i ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tọ́ ọ wò pàápàá, ó ní kò burú. Ọ̀la kan náà la máa lọ rí baálẹ̀ àti àwọn ọlọ́pàá.

Bàbá, mo ti fagi lé ìbọn tí wọ́n fẹ́ yá wa. Àǹtí, ìbéèrè mi tó kù nìyí: iná ò sí níbí láti àná, ṣé èyí tí mo sè lónìí lè dúró di Sátidé láìsí fríìjì?

ÀǹtíMekọ́ọ̀pù_Kàbà:
Rárá o, má gbé e sẹ́nu ọmọ yẹn. Kọ́ọ̀nfláwà inú ẹ̀ máa kan, ó lè hu funfun lórí pàápàá. Èyí tó wà nílẹ̀ yẹn, fi ọṣẹ sí i kó o fi kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa tẹ síríńjì. Ti ẹnu, Fúráìdé lálẹ́ ni kó o sè é, bò ó dáadáa kí èèrà má dé ibẹ̀, kó o sì tọ́ ọ wò fúnra ẹ láàárọ̀ Sátidé kó tó dé ẹnu ẹnikẹ́ni.